Iyọ̀ Àwọn Ará Òkè

Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí ìyá ìyá mi sọ ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀, ohun tí yóò sọ kò ju èyí lọ: "Àgùntàn ni mo dà. Àgùntàn náà ni mo ṣì ń dà." Yóò wá bi ẹni náà bóyá ó ti jẹun. Ṣùgbọ́n mo wà lọ́dọ̀ rẹ̀ lórí òkè nígbà ooru ọdún tó kọjá, mo sì rí ohun tó ṣe níbẹ̀. Láti ìgbà náà ló ti ń wù mí kí n kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe rí gan-an, láìfi nǹkan kan kún un.

Engrazia Uharte ni orúkọ rẹ̀. Amatchi làwa ọmọ-ọmọ ń pè é, bí àwa Básíkì, tí àwọn baba wa ti àwọn òkè Sípéènì wá sí Àídáhò ní Amẹ́ríkà, ṣe ń pe ìyá àgbà. Kò ga rárá. Bó bá bẹ̀rẹ̀ sáàárín agbo, ńṣe la ó máa wá a. Bàbá rẹ̀ ló kọ́kọ́ da àgùntàn gun Òkè Sagarra, òun náà sì ti ń gùn ún láti kékeré. Ilẹ̀ ìjọba ni òkè yẹn. Ìjọba ló ń fún wa láṣẹ kí a máa da ẹran jẹko níbẹ̀, láti ìgbà tí yìnyín bá ti yọ́ títí ewé yóò fi pọ́n. Inú ilé onítáyà kan, yàrá kékeré tí ọkọ̀ ń fà, là ń gbé: èmi àti Amatchi. Eleuterio, ọkùnrin ará Pẹrú tó ń bá a da ẹran, ní àgọ́ tirẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Zuri, ajá funfun ńlá tó ń ṣọ́ agbo, kì í sùn sí ibì kankan bí kò ṣe àárín àwọn àgùntàn.

Ibi tí koríko parí sí ni ògiri àpáta ti bẹ̀rẹ̀, orí ògiri yẹn sì làwọn àgùntàn igbó ń gbé. Àwọ̀ wọn kò yàtọ̀ sí ti òkúta. Bí wọn kò bá mira, ojú kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Ìwo àwọn àgbò wọn ká bí ìkarahun ìgbín, ó sì nípọn tó itan ọmọdé. Mo ti rí ìyá kan tó ń bá ọmọ rẹ̀ rìn kọjá lára ògiri náà níbi tí n kò rí ohunkóhun tí ẹsẹ̀ wọn ń tẹ̀. Mo di ẹnu mi mú títí wọ́n fi kọjá, bí ẹni pé èémí mi lè tì wọ́n ṣubú. Nígbà tí òtútù bá ń bọ̀, àwọn àgbò a máa kan ara wọn. Ojú á ti rí i tán kí etí tó gbọ́ ọ, nítorí ọ̀nà jìn. Bí ìró náà bá sì dé ọ̀dọ̀ wa, Amatchi á ṣí fìlà láti kí wọn.

Kì í pè wọ́n ní ẹran igbó. "Àwọn ará òkè" ló ń pè wọ́n, bí ẹni ń sọ̀rọ̀ àwọn aládùúgbò tó níyì.

Eleuterio a máa fi í ṣẹ̀fẹ̀. "Màmá, àgbò yẹn tún ti ń wò yín o. Ìgbà wo ló ń bọ̀ wá tọrọ yín?"

"Ó lówó lọ́wọ́ ju ìwọ lọ. Wo ohun tó wà lórí rẹ̀. Kí ló wà lórí tìẹ? Pípá!"

"Ẹ má bú orí mi, Màmá. Oòrùn Sagarra yín ló fá a."

Ní ọ̀dọ̀ wa, bí búrẹ́dì bá jinná nínú ìkòkò irin tí a rì mọ́ ẹ̀yinná, a ó fi ọ̀bẹ ya àgbélébùú sí i lórí, a ó gé ègé kan, ajá ni yóò kọ́kọ́ jẹ ẹ́. Èyí wà káàkiri láàárín àwọn darandaran wa. Ṣùgbọ́n bàbá Amatchi fi àṣà kan kún un tó jẹ́ ti ilé wa nìkan. Bí agbo bá ti lá iyọ̀ tán, ẹ̀kúnwọ́ tó kẹ́yìn jẹ́ ti àwọn ará òkè. Àpáta pẹlẹbẹ kan wà nísàlẹ̀ ògiri tí à ń pè ní Tábìlì. Orí rẹ̀ là ń da iyọ̀ náà sí. Bàbá rẹ̀ ní àwa la bá wọn lórí òkè, kò sì dára kí àlejò máa jẹun kó má bù fún onílé. Agolo tí à ń kó iyọ̀ sí ní òkúta wẹ́wẹ́ díẹ̀ nínú. Bí Amatchi bá mì ín, ṣàkà-ṣàkà-ṣàkà, gbogbo agbo á sáré tọ̀ ọ́ wá.

Ní ọdún tó kọjá yẹn, Dókítà Rennick dé ní ìgbà ìrúwé, kí a tó gun òkè. Dókítà ẹran igbó ni, obìnrin tó ga, tó ń rìn bí ẹni tí bàtà ń dùn. Nígbà òtútù, òun àti àwọn èèyàn rẹ̀ ti fi ẹ̀gbà kọ́ ọrùn díẹ̀ lára àwọn abo àgùntàn igbó, ẹ̀gbà tó ń fi ibi tí ẹran bá wà ránṣẹ́ sínú kọ̀ǹpútà rẹ̀. Nísinsìnyí ó fẹ́ wo imú àwọn àgùntàn tiwa. Ó ń ki òwú tó wà lórí igi tẹ́ẹ́rẹ́ bọ imú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì ń bẹ̀ wọ́n: "Pẹ̀lẹ́, ìyá. Ó tán. Ó ti tán."

"Ẹran mi kò ṣàìsàn," Amatchi sọ fún un.

"Mo mọ̀, Màmá Uharte. Ẹran yín dára. Kòkòrò kan ló máa ń gbé inú imú àgùntàn ilé, kì í ṣe wọ́n ní nǹkan púpọ̀. Àmọ́ tí imú àgùntàn ilé bá kan imú ti òkè, ẹ̀dọ̀fóró ti òkè á bàjẹ́. Àwọn àgbà á kú. Àwọn tó bá ṣẹ́kù á máa bímọ, àwọn ọmọ náà á tún máa kú, lọ́dọọdún. Iṣẹ́ mi ni kí n wo bí ewu yẹn ṣe tó lórí Sagarra."

"Tó bá pọ̀ ńkọ́?"

Dókítà náà kò fi ọ̀rọ̀ pa mọ́. "Ìjọba ò ní fún yín láṣẹ mọ́."

Ohun tí Amatchi wá bèèrè kò jẹ mọ́ àṣẹ rárá. Ó ní, "Ṣé wọ́n máa ń wúkọ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá. Wọ́n máa ń wúkọ́."

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ló sọ fún mi pé nígbà tí òun wà lọ́mọdé, àwọn ará òkè wà ní òdì kejì odò tó gba ẹsẹ̀ Sagarra kọjá pẹ̀lú. Ní ìgbà ooru kan, ó ń gbọ́ ikọ́ láti orí àpáta ní òdì kejì. Ó rò pé àwọn ọmọ ẹnì kan ló sọnù síbẹ̀. Ó sunkún títí bàbá rẹ̀ fi gbé e kọjá odò láti lọ wò. Wọn kò bá ọmọ ènìyàn kankan. Lẹ́yìn ìgbà náà, kò sí ìró kankan ní òdì kejì mọ́, títí dòní.

Èsì òwú imú dé nígbà tí a ti wà lórí òkè. Àwọn kan nínú àgùntàn wa ní kòkòrò náà. Ẹ̀rù bà mí nítorí Amatchi, ṣùgbọ́n Dókítà Rennick ní ìyẹn nìkan kò tíì parí ọ̀rọ̀. Bí àwọn méjèèjì kò bá máa pàdé, ewu náà kéré.

Nígbà tó tún dé, ó gbé máàpù kan wá, ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì wa nínú ilé onítáyà. Gbogbo ibi tí àwọn ẹran tí ẹ̀gbà wà lọ́rùn wọn ti rìn ló fi àmì pupa sí. Àwọn àmì náà fọ́n káàkiri ògiri àpáta bí ẹ̀pà tó dà sílẹ̀, ó sì rẹwà lójú mi, nítorí n kò mọ̀ pé wọ́n ń rìn jìnnà tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ibì kan wọ́n ṣù jọ tó fi di ẹyọ pupa kan ṣoṣo.

Dókítà náà fi ìka lé e. "Ibí yìí ló ń dà mí láàmú. Kò sí omi níbẹ̀. Koríko ibẹ̀ ò tó nǹkan. Ó sì sún mọ́ ọ̀nà tí agbo yín ń gbà. Kí ni wọ́n ń wá débẹ̀?"

Àpáta Tábìlì ni. Mo mọ̀ ọ́n. Eleuterio tó dúró lẹ́nu ọ̀nà náà mọ̀ ọ́n. Ó tẹ̀ sí mi létí. "Ẹni tí wọn ò bi kì í dáhùn," ó rọra sọ ọ́. "Màmá nìkan ló lè sọ ọ́. Ká panu mọ́."

Amatchi ń gé búrẹ́dì. Ó ju ti àkọ́kọ́ sí Zuri níta. Ó nu ọ̀bẹ, ó gbé e kalẹ̀.

"Iyọ̀ ni," ó ní. "Èmi ni mo ń fi síbẹ̀. Bàbá mi ló ń fi síbẹ̀ kó tó kàn mí."

Dókítà Rennick wò ó. "Ṣé agbo yín náà ń lá iyọ̀ níbẹ̀?"

"Àwọn ló ń kọ́kọ́ lá a. Tí wọ́n bá ti lọ, àwọn ará òkè á sọ̀ kalẹ̀."

"Kí ni wọ́n fi ń mọ̀ pé ẹ ti dà á síbẹ̀?"

Amatchi ronú. Ó jọ pé ẹnikẹ́ni kò tíì bi í rí. "Mi ò mọ̀," ó ní. "Wá lọ́la, ká jọ wò ó."

Ní òwúrọ̀, a fi agbo sílẹ̀ pẹ̀lú Eleuterio nísàlẹ̀ pátápátá, níbi tí a rò pé ó jìnnà tó. Àwa mẹ́ta gòkè lọ sí Tábìlì. Àpáta náà ti dán, ahọ́n ti gbẹ́ ẹ títí ó fi dà bí abọ́. Amatchi gbé agolo dání, iyọ̀ kò sí nínú rẹ̀, àwọn òkúta wẹ́wẹ́ nìkan ni. Dókítà náà ń bi í léèrè bó ṣe ń ṣe é. Bó ti ń ṣàlàyé, ọwọ́ rẹ̀ gbàgbé ara rẹ̀. Ó mi agolo. Ṣàkà-ṣàkà-ṣàkà.

Òkúta kékeré kan já bọ́ láti òkè.

Mo gbójú sókè. Ògiri náà ti ń rìn. Mi ò mọ bí mo ṣe lè kọ ọ́ kó yé ènìyàn. Ohun tí mo rò pé ó jẹ́ àpáta já ara rẹ̀ gbà, ó di abo àgùntàn, ọmọ rẹ̀ sì wà lẹ́yìn rẹ̀, òmíràn tún wà lẹ́yìn ìyẹn. Wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀ níbi tí omi nìkan ń gbà sọ̀ kalẹ̀. Wọ́n ń fò láti orí òkúta kan sí òmíràn, láìkánjú, láìṣìnà. Àgbò kan ṣáájú wọn. Oòrùn bà sí ìwo rẹ̀. Omijé bọ́ lójú mi, n kò sì mọ ìdí rẹ̀. Mo gbọ́ tí Dókítà Rennick rọra ń sọ pé, "Háà. Agolo yẹn. Agolo yẹn ni wọ́n mọ̀."

Lẹ́yìn náà la gbọ́ agogo.

Láti ìsàlẹ̀ ni. Atẹ́gùn ti gbé ìró agolo náà lọ, agbo wa sì ti gbọ́ ohùn tó ń pè wọ́n síbi iyọ̀ láti ọjọ́ tí a ti bí wọn. Wọ́n ń sáré bọ̀, funfun báláú, agogo ọrùn wọn ń dún, Eleuterio ń pariwo lẹ́yìn wọn. Àwọn ti òkè ń sọ̀ kalẹ̀. Àwọn ti ìsàlẹ̀ ń gòkè. Tábìlì ló wà láàárín.

Amatchi ju agolo sílẹ̀, ó sì sáré. Kì í ṣe sọ́dọ̀ àwọn ará òkè tó fẹ́ràn. Ìsàlẹ̀ ló sáré sí, sọ́dọ̀ ẹran tirẹ̀. Ó bọ́ ẹ̀wù òtútù rẹ̀, ó ń jù ú fìrìfìrì lójú wọn, ó ń bú wọn ní èdè Básíkì, àwọn èébú tí n kò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ rí. "Zuri! Dá wọn padà! Zuri!" Ajá náà wo ojú rẹ̀ bí ẹni tí kò gbà á gbọ́, nítorí kò sẹ́ni tó sọ fún un rí pé kó dènà mọ́ agbo tirẹ̀. Àmọ́ ó ṣe é. Ó fi ara funfun rẹ̀ ńlá dí ọ̀nà. Àwọn tó ṣáájú dúró, àwọn tẹ̀yìn kọlù wọ́n, agbo náà wọ́ jọ, ó yí padà.

Èmi kò lè mira. Àgbò náà ti dé Tábìlì, ó sì wà nítòsí mi tó fi jẹ́ pé mo ń gbọ́ bó ṣe ń mí. Ojú rẹ̀ ní àwọ̀ oyin. Ó gbóòórùn àpáta náà, ó fi ahọ́n kàn án, kò bá nǹkan kan. Ó wo ìsàlẹ̀, níbi tí ìyá arúgbó kékeré kan ti ń ju ẹ̀wù kiri. Ó yí padà, gbogbo wọn sì tẹ̀ lé e gun ògiri lọ, títí wọ́n fi tún di òkúta.

Nígbà tí Amatchi gòkè padà, ó jókòó sílẹ̀.

"Wọn ò kan ara wọn," Dókítà Rennick sọ. "Àwọn ti òkè ò sì tíì máa wúkọ́. Màmá, mi ò mọ ohun tó pa wọ́n mọ́ títí di báyìí."

"Kọ ọ́ fún ìjọba pé mò ń kó agbo mi kúrò lórí òkè," Amatchi ní.

"Màmá, èmi kọ́ ni mo ń pinnu. Ẹ lè dúró de ìjọba."

"Èmi ni mo pinnu. Tí mo bá dúró dè wọ́n, agolo á tún dún." Ó yíjú sí Eleuterio tó ń mí hẹlẹhẹlẹ. "Kí lò ń wò? Lọ pọn omi wá."

A fọ Tábìlì kí iyọ̀ má bàa kù lórí rẹ̀. A fi búrọ́ọ̀ṣì irin ha á, a da omi lé e, a tún ha á. Amatchi ló ha á jù lọ, lórí eékún.

Ọdún yìí, etí odò ni agbo wa wà, lórí pápá tí a háyà. Kò bá wọn lára mu. Eleuterio ní eṣinṣin ibẹ̀ ń jẹ òun lórí, Amatchi sì ní kó ra fìlà. Agolo náà wà lórí ìṣó nínú ilé onítáyà, Amatchi ti ki àkísà bọ̀ ọ́ nínú kó má bàa dún.

Nígbà tí ooru mú gan-an, èmi àti Amatchi fi ẹsẹ̀ gun Sagarra. A kò mú ajá lọ. A ti fọ bàtà wa, a sì wọ aṣọ tí kò wọ inú agbo rí. A jókòó sí ibi tó jìnnà, ó gbé awò tí a fi ń wo ọ̀nà jíjìn sójú. Abo kan wà lórí Tábìlì, ó ń lá ibi tí kò sí nǹkan. Ọwọ́ Amatchi mira lórí itan rẹ̀, bí ẹni ń mi nǹkan, ó sì dáwọ́ dúró.

"Ojú mi ṣì dára," ó ní, "mo rí àwọn ọmọ lẹ́yìn rẹ̀. Etí ni kò gbọ́ dáadáa mọ́. Bá mi tẹ́tí. Ṣé wọ́n ń wúkọ́?"

Mo di ẹnu mi mú, mo tẹ́tí. Mo tẹ́tí pẹ́ títí, kí n má bàa ṣì í sọ fún un. Mo gbọ́ atẹ́gùn. Mo gbọ́ òkúta wẹ́wẹ́ tó ń já bọ́ lábẹ́ pátákò àwọn ọmọ tó ń sáré.

"Rárá, Amatchi," mo ní. "Eré ni wọ́n ń ṣe."

Ó ṣí fìlà rẹ̀, ó gbé e lé eékún.