Ẹ̀gbẹ́ Òsì Tí Kò Dún

Iṣẹ́ àtúnṣe rédíò ni Àlàájì, ọkọ mi, fi tọ́ àwọn ọmọ wa. Ṣọ́ọ̀bù wọn wà ní Ìsàlẹ̀ Gángan títí ara fi kọ iṣẹ́ tí wọ́n sì tì í pa. Mo fi èyí ṣáájú kí ẹ má baà rò pé aláìmọ̀kan kan ló ń jó lẹ́ẹ̀dì tí wọ́n fi ń lẹ wáyà nínú yàrá mi. Wọ́n mọ iṣẹ́ náà bí ẹní mowó. Ohun tó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà sú mi gan-an nìyẹn.

Nígbà tí etí Àlàájì bẹ̀rẹ̀ sí í di, bí etí ṣe ń di ni rédíò ń lọ sókè. Ilé ẹbí là ń gbé, yàrá kọjú sí yàrá, ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan ló wà láàárín. Ìyàwó ọmọ àbúrò wọn, tí gbogbo wa ń pè ní ìyàwó ilé, ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ní yàrá tó kọjú sí tiwa. Kí ọmọ ó sùn tán báyìí, kí rédíò bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìròyìn lé e lórí. Kò lè dojú kọ bàbá ọkọ rẹ̀, èmi ló máa ń wá bá, á kúnlẹ̀, á ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa bẹ Bàbá." Mo bẹ Bàbá títí, wọ́n ní rédíò náà kò kúkú pariwo. Nígbà tó yá, àwọn àgbà ilé jókòó lé ọ̀rọ̀ náà lórí, wọ́n ní bí ìró rédíò bá tún ré kọjá ẹnu ọ̀nà wa, kí rédíò náà lọ máa gbé lọ́dọ̀ ọmọ wa ní Ìkòròdú.

Ẹni tí kò mọ Àlàájì á rò pé ọ̀rọ̀ ẹ̀rín ni. Àwọn ọ̀rẹ́ tí wọ́n jọ máa ń jókòó ní Ẹnu Ọ̀wá ti lọ tán. Rédíò yẹn ló kù tó ń bá wọn sọ̀rọ̀. Bí wọ́n bá gbé e lọ, ọkùnrin náà á kàn máa wo ògiri ni.

Ọmọ wa ra hẹdifóònù fún wọn, irú èyí tó ń bo etí méjèèjì. Wọ́n ti ẹnu wáyà rẹ̀ bọ ihò ara rédíò, ṣùgbọ́n ìró rẹ̀ kò tó nǹkan létí wọn. Àlàájì ní kò burú, àwọn á ṣe ampilifáyà kékeré kan tí yóò máa fún ìró náà lágbára kó tó dé etí. Bátìrì ni wọ́n ní yóò máa lò, nítorí àwọn ò lè so orí àwọn mọ́ iná ìjọba. Ibẹ̀ nìkan ni ọ̀rọ̀ wa ti ṣọ̀kan.

Wọ́n lọ sí Ìdúmàgbò, wọ́n kó wáyà àti wóróbo rẹ̀ bọ̀. Wọ́n da bọ́tìnnì mi kúrò nínú agolo bisikíìtì, wọ́n lu ihò sí i lára, wọ́n to gbogbo ẹrù wọn sínú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n tàn án, inú wọn kọ́kọ́ dùn, lẹ́yìn náà wọ́n fajúro. Wọ́n ní ọ̀tún ń dún, òsì kò dún.

Bátìrì la kọ́kọ́ fẹ̀sùn kàn. Ìyàwó ilé bá wa sá a sójú fèrèsé nínú oòrùn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ata gbígbẹ rẹ̀, bí gbogbo wa ṣe máa ń ṣe bí bátìrì bá ti ń kú lọ. Òsì kò dún. Wọ́n ra bátìrì tuntun, òsì kò dún. Wọ́n tú wáyà, wọ́n tún un jó. Wọ́n yọ nǹkan dúdú kékeré kan tó lẹ́sẹ̀ bí ìdun, wọ́n padà sí Ìdúmàgbò lọ ra òmíràn. Yàrá mi ń rùn bí ilé alágbẹ̀dẹ. Lẹ́ẹ̀dì gbígbóná kán sórí aṣọ ibùsùn mi, ó lu.

Èyí tó burú jù ni pé èmi ni wọ́n fi ṣe etí. Bí mo bá ń rẹ́ ilá, wọn á pè mí. Bí mo bá fẹ́ ṣe àlùwàlá, wọn á pè mí. Wọn á gbé hẹdifóònù náà kọ́ mi lórí gèlè, wọn á máa wo ojú mi bí ẹni ń wo omi tó fẹ́ hó.

"Ẹ̀gbẹ́ òsì ńkọ́?"

"Ó ń dún."

"Dídún wo? Ṣé ó ń kùn ni àbí ó ń ta pàràpàrà?"

"Ó ń ka ìròyìn, Àlàájì."

Wọ́n ní ti ọ̀tún ló ń ré kọjá sí òsì mọ́ mi létí. Mo tú gèlè, mo yọ ti ọ̀tún kúrò létí pátápátá, òsì ń dún kedere. Wọ́n ní n kò mọ ohun tí mò ń gbọ́. Mo ní kí wọ́n jẹ́ ká pe ìyàwó ilé. Ó pọn ọmọ wá, ó fi í sétí, ó ní méjèèjì ń dún dáadáa. Nígbà tó jáde tán, wọ́n ní ìyẹn ń wá bí ọmọ rẹ̀ yóò ṣe rí oorun sùn ni, pé bí a bá gbé agolo òfìfo fún un, á ní ó ń dún. Wọ́n tún tú u.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, lẹ́yìn tí a kírun Alásárì, wọ́n tún nawọ́ sí agolo yẹn. N kì í pariwo. Mo kàn jókòó tì wọ́n, mo gba sukurudíráfà lọ́wọ́ wọn, mo tẹ̀ ẹ́ mọ́ abẹ́ itan mi.

N kò kàwé púpọ̀, ṣùgbọ́n mo ti gbé oúnjẹ ọ̀sán lọ sí ṣọ́ọ̀bù yẹn títí. Bí ẹnì kan bá gbé ẹ̀rọ wá pé sípíkà kan kò dún, ohun tí wọ́n máa ń kọ́kọ́ ṣe ni kí wọ́n pààrọ̀ sípíkà méjèèjì, kí ti òsì bọ́ sí ọ̀tún. Bí àìdún náà bá tẹ̀ lé sípíkà lọ, sípíkà ló bàjẹ́. Bó bá dúró sí ibi tó wà, wọn á mọ̀ pé ibòmíì ni àwọn yóò wò.

Mo ní, "Àlàájì, ẹ yí hẹdifóònù yìí padà. Ẹ fi ti òsì sí etí ọ̀tún."

Wọ́n tẹjú mọ́ agolo. Mo rò pé wọn ò gbọ́, mo tún un sọ sókè.

"Mo gbọ́," wọ́n ní. "Mo ti yí i."

"Nígbà wo?"

"Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ tàn án."

Ó wá yé mi. Èyí tó wù kí wọ́n fi bo etí òsì, kò ní dún, etí wọn gan-an ni kò gbọ́. Mo wo agolo, mo wo aṣọ ibùsùn mi tó lu, mo ro gbogbo àlọ àtàbọ̀ Ìdúmàgbò. Mo bi wọ́n pé kí la wá ń tú láti ọjọ́ yìí.

Wọ́n ń fi àtàńpàkò nu ara agolo náà. "Mo ní bóyá ampilifáyà ló bàjẹ́ ni. Ampilifáyà, mo lè tún un ṣe."

Ká ní mo jẹ́ ẹni tí ẹkún yá lára, ǹ bá sunkún. Inú ló bí mi. Mo sọ fún wọn pé wọ́n fi etí mi ṣẹ̀sín lórí ohun tí wọ́n ti mọ̀, pé n kò ní bá wọn gbọ́ nǹkan kan mọ́ àfi tí dókítà bá wo etí tiwọn. Wọ́n ní bí dókítà bá wá sọ̀rọ̀, ta ni yóò bá àwọn gbọ́ ọ? Mo ní ìyẹn nìkan ni màá gbọ́.

Dókítà náà, ọmọbìnrin oníwà pẹ̀lẹ́ kan, yẹ inú etí wò, ó fi ẹ̀rọ dán an wò. Ó ní òsì ti lọ, kò sí ohun tí a lè fi dá a padà. Ó ní ọ̀tún ṣì kù díẹ̀, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ń fi ariwo lù ú, òun náà á lọ. Mo tún gbogbo rẹ̀ sọ sí etí ọ̀tún wọn, lójú àwọn tó jókòó níbẹ̀. Wọ́n mi orí. Bí a ṣe wọlé, wọ́n fa agolo náà yọ, wọ́n tú u.

Mo ti fẹ́ bínú kí n tó rí i pé ohun tí wọ́n ń ṣe yàtọ̀. Wọ́n kó ti òsì àti ti ọ̀tún pọ̀, kí gbogbo rẹ̀ máa gba ọ̀tún jáde, kí ọ̀rọ̀ kankan má baà ṣòfò sí etí tí kò gbọ́. Wọ́n tún dí fọ́líọ́ọ̀mù lọ́nà, tó fi jẹ́ pé bó ti wù kí wọ́n yí i tó, kò lè kọjá ìdajì. Èmi kọ́ ni mo ní kí wọ́n ṣe ìyẹn.

Rédíò kò lọ sí Ìkòròdú. Ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, kò sẹ́ni tó ń gbọ́ ọ mọ́ àfi àwọn. Ṣùgbọ́n ẹni tí nǹkan bo etí rẹ̀ kì í mọ bí ohùn rẹ̀ ṣe ń lọ sókè tó. Gbogbo ohun tí rédíò bá sọ fún wọn ni wọ́n ń ké fún mi látorí àga. "Àlájà, wọ́n ní òjò máa rọ̀ lọ́la." Ọmọ ti jí. Ìyàwó ilé ká aṣọ ẹnu ọ̀nà sókè, ó kàn ń wò mí, kò tilẹ̀ kúnlẹ̀ mọ́. Mo dìde, mo gba ọ̀tún wọn yọ, mo ṣí ìdérí etí náà, mo ní rédíò ti dákẹ́ o, ẹnu yín ló kù tí ẹ máa fi fọ́líọ́ọ̀mù sí.

Wọ́n ní àwọn ò gbọ́. Wọ́n gbọ́.