Oríkì Ọkọ Mi Lórí Ẹlòmíràn

Ọjọ́ tí eré ìje kẹ̀kẹ́ ológeere gbéra láti Ọ̀yọ́ wá sí Ògbómọ̀ṣọ́ ni n kò lè gbàgbé. Ọkọ mi ti ṣèlérí pé òun ni yóò kọ́kọ́ gun òkè ìlú wa. Èmi àti ìyá rẹ̀ dúró lórí òkè náà, ọmọ wà lẹ́yìn mi. Bí Ìyá ṣe rí rìbọ́ǹ pupa tí wọ́n so mọ́ kẹ̀kẹ́ ọmọ wọn, wọ́n figbe ta: "Àjàní o! Àjàní ọmọ mi!" Gbogbo èrò pàtẹ́wọ́.

Àṣé olórí ikọ̀ ọkọ mi ló ń gun kẹ̀kẹ́ náà! Táyà tirẹ̀ ló bẹ́ lọ́nà, ni kóòṣì bá ní kí ọkọ mi fún un ní kẹ̀kẹ́.

Nígbà tó yá, ọkọ mi fẹsẹ̀ rìn dé, ó ń ti kẹ̀kẹ́ olórí ikọ̀ tí táyà rẹ̀ bẹ́.

"Ìyá, mo gbọ́ ohùn yín nísàlẹ̀. Ta lẹ ń kì?"

Ìyá fi etí aṣọ wọn nu òógùn ojú rẹ̀. Èmi ni mo ní kí n kì í, ṣùgbọ́n ẹkún ò jẹ́ kí n pe Àjàní tán.