Kokooko Lara Sàníù

Bí ẹ bá bi Sàníù ní abúlé wa lẹ́bàá Ìjàyè pé, "Ṣé ara le?", èsì kan ṣoṣo ló ní: "Kokooko lara ọta ń le!" Yóò wá fi ẹ̀ṣẹ́ gbá yín léjìká, kí ẹ lè mọ̀ pé òótọ́ lòun ń sọ. Ọ̀rẹ́ mi ni, ẹgbẹ́ ni wá, oko ẹ̀gẹ́ wa sì pààlà. Èjìká mi mọ ẹ̀ṣẹ́ náà dáadáa.

Lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, Tẹniọlá, nọ́ọ̀sì tó ń wá láti Akínyẹlé, bẹ̀rẹ̀ sí í pe àwa ọkùnrin jọ sábẹ́ máńgòrò, kí kálukú sọ bóyá ara òun dára tàbí kò dára. Oyèkúnlé ní ìbàdí ń dun òun. Sàníù fò mọ́ ọn. "Ọ̀lẹ! Ṣé o ò mọ̀ pé àìsàn ń jẹ́ tí wọ́n bá pè é?" Ó forí kàn án lẹ́nu, ẹ̀jẹ̀ ta sí ìwé nọ́ọ̀sì, eyín méjì bọ́ sílẹ̀. Lọ́dún kejì, ta ló tún máa sọ pé nǹkan ń ṣe òun? "Koko" ni gbogbo wa ń wí. Inú Tẹniọlá dùn, ó ní ara àwọn ọkùnrin abúlé wa ń dára sí i lọ́dọọdún. Irọ́ la fi ń tàn án jẹ, ojú sì ń tì mí.

Lọ́dún yìí, mo bá Sàníù tó jókòó sórí ebè, òógùn bò ó, ọwọ́ òsì rẹ̀ kò lè di ọkọ́ mú.

"Sàníù, èyí kì í ṣe àárẹ̀ lásán. Jẹ́ ká lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ wò."

N kò tíì sọ ọ́ tán tí ọkọ́ fi bà mí níhà. Mo gbọ́ bí egungun ṣe dún. Mo ṣubú, ó fi ẹsẹ̀ gbá mi lẹ́ẹ̀mejì. "Ìwọ náà, Àrẹ̀mú? Ìwọ náà?" Mùjíbátù ìyàwó rẹ̀ sáré wá dì í mú, Sàníù fọ́ ọ lẹ́nu. Ká má purọ́, ká ní àdá wà lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ yẹn ni, ǹ bá ṣá a.

Ní ọjọ́ kẹta, Mùjíbátù tún bẹ̀ ẹ́ pé kó lọ rí nọ́ọ̀sì. Sàníù gbé ọwọ́ sókè láti gbá a, ẹsẹ̀ rẹ̀ yẹ̀, ó wó lulẹ̀ gbì. Rọpárọsẹ̀ ti mú un.

Nígbà tí Tẹniọlá dé, orí ẹní ló bá a, ẹnu rẹ̀ ti wọ́.

"Bàbá, báwo ni ara yín?"

Ó tiraka títí. "Ko... ko."

"Ẹ kọ ọ́ pé kò dára," ni Mùjíbátù wí, ètè rẹ̀ ṣì wú. "Ẹ kọ ọ́ gàdàgbà."

Tẹniọlá kọ ọ́, ó wá kọjú sí mi. "Bàbá Àrẹ̀mú, ẹ̀yin ńkọ́?"

N kò lè mí kanlẹ̀, ìhà mi ń dùn mí wọra. Mo wo ọwọ́ Sàníù tó rọ jọ̀wọ̀lọ̀ sórí ẹní. Kò sẹ́ni tó lè lù mí mọ́.

"Koko ni," ni mo wí.