Òwú Bàbà Ìyá Àgbà

"Ẹ kú iṣẹ́ o," ni obìnrin tó ń ti odò bọ̀ wí, ṣùgbọ́n ìyá àgbà mi kò dá a lóhùn. Ó jókòó sórí ẹní lẹ́nu ọ̀nà yàrá rẹ̀, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì síwájú. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ń yí igi kékeré kan tí wọ́n fi irin há láàárín, ọwọ́ òsì rẹ̀ sì ń darí okùn bàbà kan tó tín-ín-rín bí irun orí. Okùn náà ń wọ́ lọ sára igi, ó ń dún ṣẹ̀rẹ̀ṣẹ̀rẹ̀. Ètè rẹ̀ ń mì, ohùn kankan kò sì jáde. Èmi ni mo dáhùn láti ẹnu ọ̀nà ọgbà pé wọ́n ní ẹ ṣé o, pé wọ́n ń kà á ni. Obìnrin náà rẹ́rìn-ín, ó gba tirẹ̀ lọ. Àwọn tó mọ̀ a máa rẹ́rìn-ín. Àwọn tí kò mọ̀ a dúró, wọ́n a tún kí i lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n a sì bínú lọ.

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà náà, ní Manigri ìlú wa, ní àsìkò kajú. Gbogbo agbo ilé ti lọ sóko lọ ṣa hóró, òórùn èso tó ti ń kan lábẹ́ igi sì ń wọ ilé lọ́wọ́ ọ̀sán. Àsìkò tí ilé bá dá báyìí ni ìyá àgbà fẹ́ràn jù. Á fi ẹfun pa ìka rẹ̀ bí àwọn tó ń ranwú ti ń ṣe, kí okùn má baà lẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́. Bí ìyípo igi náà bá pé igba, á ju hóró kajú kan sínú igbá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹgbẹ̀jìlá ni iṣẹ́ ńlá ń gbà, ìyẹn hóró méjìlá. Bí o bá bá a sọ̀rọ̀ láàárín hóró kan sí èkejì, o ti ba nǹkan jẹ́ nìyẹn.

Ẹni tó ni iṣẹ́ náà ni ọ̀gá kan ní Bassila, tí gbogbo wa ń pè ní Pátírọ̀n. Anpilí ni tirẹ̀, àpótí tó ń gbé ohùn gìtá jáde. Kì í ṣe irú tòde òní o. Ti àtijọ́ ni, èyí tó ní lámpù onígò nínú, tó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ móoru kó tó lè sọ̀rọ̀. Wọ́n ń kó àlòkù wọn wá fún un láti Kútọnú, òun náà a sì máa kan òmíràn fúnra rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan fún ẹni tó bẹ̀ ẹ́, tí kò sí méjì tó jọra. Bí olórin bá gbé tirẹ̀ dé, Pátírọ̀n kì í béèrè ohun tó bàjẹ́. Á ní kó ta gìtá rẹ̀, á di ojú, á wá bi í pé kí ló fẹ́ gbọ́ tí kò gbọ́. Lẹ́yìn náà ni yóò tú ikùn àpótí náà, yóò yọ èyí kúrò, yóò fi òjé lẹ tọ̀hún mọ́ ọn, yóò sì tún tẹ́tí. Àwọn atagìtá ń ti Djougou àti Parakou wá torí rẹ̀.

Irin kan wà nínú ikùn anpilí tí wọ́n ń pè ní tiransífó. Òwú bàbà ló yí i ká, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìyípo, ohun tó sì ń fún Pátírọ̀n ní ẹ̀fọ́rí nìyẹn. Ọwọ́ rẹ̀ wúwo, bàbà ń já mọ́ ọn lọ́wọ́. Lọ́jọ́ tó wá kí àwọn àna rẹ̀ ní Manigri ló rí ìyá àgbà tó ń ranwú, nígbà tó jẹ́ pé kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ẹni tó tún ń ra òwú àfọwọ́ràn mọ́. Ó wò ó títí. Ó wá bẹ̀ ẹ́ pé kó bá òun tú tiransífó kan tó ti jó, kó ka iye rẹ̀. Lọ́jọ́ kẹta, ìyá àgbà sọ iye náà fún un, ó sì fi kún un pé ẹni tó wé e sinmi lẹ́ẹ̀mejì, àti pé nígbà tó padà dé lẹ́ẹ̀kejì, inú ń bí i. Èmi bi ìyá àgbà bó ṣe mọ̀. Ó ní òwú a máa sọ irú ẹni tó ràn án.

Ọ̀rọ̀ náà kò jẹ́ kí n gbádùn. Mo máa ń gbé etí lé okùn bàbà náà bóyá mo lè gbọ́ nǹkan. Mo fẹ́ mọ ibi tí ohùn ń gbà wọlé àti ibi tó ń gbà jáde. Pátírọ̀n ní agbára tó ń ti inú lámpù jáde le jù fún ẹnu àpótí, pé òwú yẹn ló ń rọ̀ ọ́ kó tó dé ibẹ̀. Ìyá àgbà ló là á yé mi: ó ní ṣé mo ti rí bí ìyá ṣe ń fẹ́ atẹ́gùn sí ògì kó tó fún ọmọ rẹ̀ mu. Mo wá bi í bóyá ó ti gbọ́ ohùn gìtá látinú òwú rẹ̀ rí. Ó ní rárá. Bassila ni wọ́n ti ń fi wọ́n sínú àpótí, kò sì sí ẹni tó rántí pè é. Ó yà mí lẹ́nu pé ènìyàn lè máa ṣe ohùn tí kò tíì gbọ́ rí. Nígbà tí mo tún bẹ̀rẹ̀ òmíràn, ó ní, "Ìbéèrè ló bí ọ, kì í ṣe ọmọ mi."

Ẹnì kan ṣoṣo nílé wa ni kò fẹ́ rí òwú bàbà náà. Ẹ̀gbọ́n bàbá àgbà wa ni, obìnrin, tó padà wá sí agbo ilé bàbá rẹ̀ lẹ́yìn tí ọkọ rẹ̀ kú. Ìyá Ọkọ ni ìyá àgbà ń pè é, gbogbo wa sì bá a pè é bẹ́ẹ̀. Òun náà ń pe ìyá àgbà ní Ìyàwó, pẹ̀lú gbogbo ewú orí rẹ̀, nítorí pé ìyàwó ilé kì í dàgbà lójú àwọn ọmọ ilé. Ìyàwó ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kúnlẹ̀, òun ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kí ni. Ìyá Ọkọ ti mú ẹjọ́ lọ bá àwọn àgbà ilé pé bàbà ti sọ ìyàwó wọn di ẹni tí kì í dáhùn ìkíni. Àwọn àgbà ní báwọn bá tún gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan sí i, bàbà yóò kúrò nílé. Ìyá àgbà kò jẹun lọ́jọ́ náà. Mo mọ ìdí rẹ̀. Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti bẹ ọwọ́ rẹ̀ níṣẹ́.

Láàárín ìyẹn ni tiransífó atagìtá kan ní Manigri jó nígbà tí iná ọba ru lójijì. Ní Àbámẹ́ta ló fẹ́ ta gìtá ní Bassila, níwájú àwọn tó ń wá ẹgbẹ́ olórin tí wọn yóò mú lọ Kútọnú. Pátírọ̀n gbé ìdì bàbà kan wá, ó ní ìdì yẹn nìkan ló kù, àti pé bó bá já tàbí tí wọ́n bá tú u tún wé, awọ tín-ín-rín tó bò ó yóò sán, kò sì sí òmíràn. Ìyá àgbà bẹ̀rẹ̀ ní òwúrọ̀ Jímọ̀. Nígbà tí oòrùn kan àtàrí, hóró mẹ́wàá ti wà nínú igbá.

Ìgbà náà gan-an ni Ìyá Ọkọ dé láti Alédjo, níbi tó ti lo ọ̀sẹ̀ kan lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀. Ẹrù wà lórí rẹ̀. Mo sáré, mo kúnlẹ̀, mo ní ẹ kú àbọ̀, ẹ kú ewu ọ̀nà. Ó dá mi lóhùn dáadáa, ṣùgbọ́n orí mi ló ń wò kọjá. Ọmọ kì í kí ni fún ìyàwó. Ó lọ dúró síwájú ẹní ìyá àgbà.

Ìyá àgbà gbójú sókè. Ó ká ẹsẹ̀ kò, ó yí ara, ó kúnlẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ sì ń yí igi náà lọ, ètè rẹ̀ ń mì. N kò rí ẹni tó kúnlẹ̀ bẹ́ẹ̀ rí. Ìyá Ọkọ dúró pẹ̀lú ẹrù rẹ̀, ó ń retí.

"Ìyàwó," ló wí wọ́ọ́rọ́wọ́, "ṣé òwú pupa yìí ti rán ẹnu rẹ ni?"

Ọwọ́ ìyá àgbà dúró. Ó kí i kú àbọ̀, ó kí i kú ewu ọ̀nà, ó béèrè àwọn ará Alédjo lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sọ ẹrù náà kalẹ̀, ó sì lọ bu omi fún un. Nígbà tó padà dé, ó wo igbá, ó wo igi. Mo rí i lójú rẹ̀ pé iye náà ti sọnù. Ó jókòó tì í pẹ́ títí. Nígbà tó yá, ó fi èrò inú dí ibi tó sọnù, ó sì wé ìyókù títí hóró fi pé méjìlá.

Nírọ̀lẹ́, Pátírọ̀n àti atagìtá gun alùpùpù èrò tí a ń pè ní zémíjàn dé, pẹ̀lú anpilí fúnra rẹ̀, nítorí pé àkókò ti kúrú, agbo ilé wa ni wọn yóò ti fi í sí i. Ìyá Ọkọ ń jẹ obì lẹ́nu ọ̀nà tirẹ̀, ó ń wò wọ́n. Mo sọ sí ìyá àgbà létí pé kò sí ẹni tó lè mọ̀. Kí n má purọ́, mo fẹ́ kó dákẹ́ ni. Bó bá sọ ọ́, Ìyá Ọkọ lè rò pé òun ló ń dá lẹ́bi, ẹjọ́ kejì sì dé nìyẹn. Bí Pátírọ̀n bá bínú, Kútọnú ni yóò máa gbé iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ọ̀nà méjèèjì ni yóò gba bàbà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún Pátírọ̀n.

"Ibì kan wà nínú rẹ̀ tí mi ò mọ̀," ló wí. "Lẹ́yìn hóró kẹwàá ni. Kò dín ní ogójì, kò ju ọgọ́rùn-ún lọ. Èmi ni mo ṣì í kà."

Kò wí pé ẹnì kan bá òun sọ̀rọ̀. Ìyá Ọkọ dá obì dúró lẹ́nu. Atagìtá ká ọwọ́ lérí. Pátírọ̀n ń gbé tiransífó náà sókè sódò lọ́wọ́ bí ẹni ń wọn iṣu, ojú ti ìyá àgbà mi tó bẹ́ẹ̀ tí mo fẹ́ sunkún. Lẹ́yìn náà ni Pátírọ̀n ní ó dáa bí wọ́n ti sọ ọ́. Ó ní bí wọn kò bá sọ, lámpù lòun ì bá máa fura sí, òun ì bá sì jó wọn tán kí òun tó mọ̀.

Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Èéfín òjé rú, ó ń ta ni nímú. Nígbà tó tan iná, gbogbo wa bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, a ń wo lámpù. Inú ọ̀kan pọ́n ju bó ti yẹ lọ. Ó yára pa á, ó yọ nǹkan kékeré kan, ó fi òmíràn dípò. Ó tún tàn án, ó tún pa á. Mo bi í ohun tó ń ṣe. Ó ní òwú kò lè padà sẹ́yìn mọ́, nítorí náà òun ń mú gbogbo ìyókù wá pàdé rẹ̀. Ìgbà kẹrin ni lámpù náà tó fara balẹ̀.

Atagìtá wá ta okùn kan. Ohùn náà kò pariwo. Ó nípọn, ó sì lọ́ra díẹ̀ kó tó jáde, bí ẹni tó ro ọ̀rọ̀ rẹ̀ kó tó sọ ọ́. Ó tún ta á, ó tún ta á, ó gbàgbé pé a wà níbẹ̀. Pátírọ̀n bi í pé kí ló fẹ́ gbọ́ tí kò gbọ́. Ó mi orí pé kò sí. Ìyá àgbà súnmọ́ àpótí náà, ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ lé e, ó tẹ́tí. Mo bi í ohun tó ń gbọ́.

"Mò ń gbọ́ ibi tí mi ò mọ̀," ló wí.

Mo tẹ́tí títí, èmi kò gbọ́ ọ. Ìyá Ọkọ dìde, ó gbọn aṣọ rẹ̀, ó ní, bí ẹni tí kò bá ẹnì kankan sọ̀rọ̀, "Wọ́n ní òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà. Tìyàwó wa tà lónìí." Kò tọrọ àforíjì nígbà náà, kò sì tọrọ rẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, bó bá ti ìrìn àjò dé tó bá bàbà lọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀, á dúró ti ògiri pẹ̀lú ẹrù lórí títí hóró kajú yóò fi bọ́ sínú igbá, nígbà náà ni yóò wá wúkọ́. Àwọn àgbà ilé kò gbọ́ ẹjọ́ náà mọ́. Wọn kò mú ẹgbẹ́ atagìtá yẹn lọ Kútọnú lọ́dún náà, ṣùgbọ́n ìyá àgbà wé bàbà títí ojú rẹ̀ fi kọ̀ fún un.

Ó ti lọ báyìí. Èmi kò jogún ọwọ́ rẹ̀, bàbà ń já mọ́ mi lọ́wọ́ bíi ti Pátírọ̀n. Nọ́ọ̀sì ni mí ní Pénéssoulou. Ohun tí mo mú kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀ kò rọrùn láti gbé, ó sì wù mí nígbà mìíràn kí n sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Lọ́jọ́ kan tí èrò pọ̀, mo kọ mẹ́tàdínlógójì sínú ìwé ọmọ kan, láìwọn bí ara rẹ̀ ti gbóná tó, nítorí pé òun ni mo kọ fún àwọn mẹ́ta tó ṣáájú rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ti pọ̀n ọ́n, ó ti dé ẹnu géètì. Bíìkì tí mo fi kọ ọ́ ṣì wà lọ́wọ́ mi, kò sì sí ẹni tó rí mi. Mo dìde, mo lọ bá a níwájú gbogbo èrò, mo ní èmi kò wọn ọmọ rẹ̀, pé inú orí ara mi ni mo ti mú iye náà. Mo ti múra sílẹ̀ fún èébú. Ó wò mí títí, ó tú ọ̀já, ó sì gbé ọmọ náà lé mi lọ́wọ́. Ara rẹ̀ gbóná janjan.