Ìpín Tó Bọ́ Sórí Òkè

Kàdíjátù Ọláyọdé, ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n, ọmọ Ìlá-Ọ̀ràngún, padà sí yunifásítì ní ọjọ́ Ajé tó kọjá lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta tó lò nílé. Tíṣà ìṣirò ni ní Ọ̀tan Ayégbajú. Ọdún kan péré ni wọ́n yọ̀ǹda fún un láti lọ kàwé sí i, yóò sì pé ní ìparí oṣù Kẹsàn-án ọdún 1998 yìí. Bí wọn kò bá gba iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀ kó tó dìgbà náà, ọwọ́ òfo ni yóò gbé padà sí kíláàsì.

Ohun tó ń kọ́ ni bí a ṣe ń pín iṣẹ́ kan fún kọ̀ǹpútà púpọ̀ kí wọ́n lè ṣe é lẹ́ẹ̀kan náà. Olùkọ́ rẹ̀, Ọ̀mọ̀wé Fúnminíyì, sọ fún wọn pé kọ̀ǹpútà tó ní ọpọlọ méjì nínú àpótí kan ti wà lókè òkun. Irú rẹ̀ kò sí lọ́dọ̀ wọn, nítorí náà Kàdíjátù fi wáyà so kọ̀ǹpútà mẹ́rin pọ̀. Ó ní kí wọ́n tọ ipa tí omi òjò yóò gbà lórí máàpù, láti Ìlá dé Òkè-Ìlá. Ó gé máàpù náà sí mẹ́rin dọ́gba-dọ́gba, ó fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀. Kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo a máa fi wákàtí kan ṣe iṣẹ́ náà. Mẹ́rin lo ìṣẹ́jú méjìdínláàádọ́ta. Ọ̀mọ̀wé ní bí kò bá wálẹ̀ sí ìdajì wákàtí, òun kò ní fọwọ́ sí i. Kàdíjátù yẹ ètò náà wò láti òkè délẹ̀, kò rí àṣìṣe kan. Ó wálé pẹ̀lú ìbànújẹ́.

Lọ́jọ́ Sátidé, ó gbé oúnjẹ lọ sóko. Oko ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Ràsákì, ni àáró kàn, òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ mẹ́ta sì ń kọ ebè. Wọ́n ti pín ilẹ̀ náà sí mẹ́rin. Ibi olókùúta bọ́ sí Adébóyè, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rẹ́ náà, lọ́wọ́. Nígbà tí àwọn yòókù parí tiwọn, wọn ò jókòó. Wọ́n yí lọ sí òdìkejì ìpín Adébóyè, wọ́n ń kọ ebè bọ̀ wá pàdé rẹ̀. Adébóyè ní kí wọ́n rọra, kí wọ́n má fi ọkọ́ kúújú ba ebè òun jẹ́.

“Bọ̀dá mi, ṣebí ẹ ti ṣe ìpín tiyín?” Kàdíjátù bi ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

“Tíṣà, ta ló mọ ibi tí òkúta wà nígbà tí à ń pín in? Ilẹ̀ la wá parí, a ò wá parí ìpín.”

Kàdíjátù rántí pé mẹ́ta nínú àwọn kọ̀ǹpútà rẹ̀ ti parí ibi tó tẹ́jú láàárín ìṣẹ́jú mẹ́rin-mẹ́rin, wọ́n sì dákẹ́ tí wọ́n ń dúró de ẹ̀kẹrin, èyí tí ìpín rẹ̀ bọ́ sórí òkè, níbi tí ipa omi ti pọ̀ jù.

Bó ṣe padà dé yunifásítì, ó kọ́kọ́ jẹ́ kí kọ̀ǹpútà tó bá ti parí ya wọ ìpín òmíràn. Méjì bára wọn lójú kan náà, wọ́n pa èsì ara wọn rẹ́. Lọ́jọ́ kejì, ó gé máàpù náà sí wẹ́wẹ́, mẹ́rìnlélọ́gọ́ta. Kọ̀ǹpútà tó bá ṣíwọ́ yóò mú ọ̀kan, yóò sàmì sí i kí òmíràn má fọwọ́ kàn án. Ìṣẹ́jú méjìdínlógún ni wọ́n lò. Ó tún un ṣe lẹ́ẹ̀mejì sí i kí ọkàn rẹ̀ tó balẹ̀.

Ọ̀mọ̀wé ti fọwọ́ sí i. Ó kìlọ̀ fún un pé àwọn tó máa yẹ̀ ẹ́ wò yóò bi í ní ìdí tí kò fi jẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún géérégé, tí í ṣe ìdámẹ́rin wákàtí kan, ìdáhùn sí ìbéèrè yẹn ló sì ń kọ báyìí. Ìdánwò ẹnu rẹ̀ di Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù Kẹsàn-án, ní aago mẹ́wàá òwúrọ̀.