Ewúrẹ́ Tí A Fi Pamọ́ fún Dókítà Rẹ̀

Títí dòní, ẹni tó bá fẹ́ rí ìbínú mi, kó fọwọ́ kan ohun tí mo fọwọ́ ara mi sìn. Bí wọ́n ṣe bí mi nìyẹn. Nígbà tí mo wọlé ọkọ ní Àgbówà, láwọn ọdún tí òmìnira kò tíì dé, ìyá mi fa ewúrẹ́ dúdú kan lé mi lọ́wọ́. Ó ní obìnrin kì í lọ sílé ọkọ lọ́wọ́ òfìfo. Yàrá tí mò ń sùn, ilé ọkọ ni. Ìkòkò tí mo fi ń sebẹ̀, ti ìyá ọkọ mi ni. Ewúrẹ́ yẹn nìkan ni mo lè nawọ́ sí pé tèmi nìyí. Ṣùgbọ́n ta ló máa jẹ́ kí n sọ bẹ́ẹ̀? "Ewúrẹ́ wa" ni gbogbo ilé ń pè é. Ìyàwó tuntun ni mí, mo ń gbé e mì. Nígbà tó wá lóyún, oyún àkọ́kọ́, inú mi dùn bí ẹni pé èmi ni mo máa bí i.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ọkọ mi ti wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Ọjà Olúwo ní Ẹ̀pẹ́, èmi náà lọ pọnmi. Kí n tó dé, ewúrẹ́ ti fa àpò gbágùúdá rírin ya, èyí tí ìyá ọkọ mi gbé òkúta lé lórí kí omi rẹ̀ lè ro dànù. Ó ti jẹ ẹ́ ní àjẹkì. Ikùn rẹ̀ wú rọ̀gọ̀dọ̀, lápá òsì pàápàá. Ó na ẹsẹ̀ sílẹ̀, ó ń mí gúlegúle. Mo figbe ta. Mo rọ epo pupa sí i lẹ́nu, mo ń fọwọ́ ra á nínú. Ńṣe ló ń wú sí i.

Ibi tí mo kúnlẹ̀ sí ni mo ti gbọ́ tí ọ̀bẹ ń ha lórí òkúta. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ni, Mùsùlùmí tí kì í fi ìrun ṣeré. Ó ní, "Ìyàwó, jẹ́ ká tètè dúńbú rẹ̀. Tó bá fi lè kú fúnra rẹ̀, òkúǹbete ni, kò sẹ́ni tó lè fi kan ẹnu mọ́." Òótọ́ ló sọ, bí gbogbo wa ṣe ń ṣe é nìyẹn. Àmọ́ nígbà tí mo máa gbójú sókè, omi ti wà lórí iná, ìyá ọkọ mi sì ti jókòó ti ọlọ, ó ń lọ ata. Háà! Ẹran tó ṣì ń wò mí lójú!

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tiẹ̀ jẹ́ ká wò ó bóyá á yè ná!"

"Ata ò ní kó má yè," ni ìyá wí. "Tó bá yè, a ó fi ata jẹ ẹ̀bà."

Àfi bí kẹ̀kẹ́ ṣe dún lójú ọ̀nà. Ọkùnrin kan ló gùn ún, ó wọ ṣòkòtò káàkí, ó dé akoto, ó so àpótí mọ́ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́. "Wòléwòlé dé o!" ni ìyá ọkọ mi wí. Ta ni kì í bẹ̀rù wòléwòlé nígbà yẹn? Tó bá rí tanwíji nínú ìkòkò omi rẹ, kóòtù ni. Tó bá wá ká ẹ mọ́ ibi tó o ti fẹ́ pa ẹran tó ń ṣàìsàn jẹ, o gbé! Kí n tó ṣẹ́jú, wọ́n ti wọ́ ewúrẹ́ mi wọ yàrá, tòun toyún, wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi jókòó lé ọ̀bẹ.

Ọkùnrin náà kí wa dáadáa. Ó ní Ìkòròdú lòun ti ń bọ̀, kí a fún òun lómi mu. Ó mu ún tán, ó wo iná, ó wo ata. "Ẹ kú ìnáwó o. Kí lẹ fẹ́ pa?"

"A ò pa nǹkan kan," ni ẹ̀gbọ́n ọkọ mi dáhùn. "A ò sin ẹran nílé yìí. A ò tiẹ̀ fẹ́ràn ẹran."

Bí ewúrẹ́ ṣe kérora nínú yàrá nìyẹn. Kíá, ìyá ọkọ mi bẹ̀rẹ̀ sí í húkọ́ kó má bàa gbọ́ ọ.

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. "Ìyá, ikọ́ yín yìí mà ní ìwo o! Dókítà ẹran ni mí. Ta ló ni ẹran náà?"

Kò sẹ́ni tó gbà á gbọ́. Ẹni tó bá dáhùn ni yóò lọ kóòtù, ohun tó wà lọ́kàn gbogbo wa nìyẹn. Ẹran tí gbogbo ilé jọ ni kò wá ní olówó mọ́. Ìyàwó ilé kì í sì í yanu ṣáájú àwọn àgbà. Àmọ́ ẹran tún kérora, mo bá ní kí kóòtù kúkú gbé mi.

"Èmi ni mo ni ín! Èmi nìkan! Dókítà, ẹ gbà mí!"

Mo ṣílẹ̀kùn. Ó fọwọ́ kan ikùn ẹran, kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ní àfi kóun dá ikùn náà lu. Ó lè yè, ó lè má yè, ẹni tó ni ín ló máa sọ̀rọ̀. Mo ní kó dá a lu. Mo di orí ẹran mú, mò ń ké pe Ọlọ́run. Ó yọ irin ṣóńṣó kan tó ní ihò nínú, ó gún un lápá òsì. Fíííí! Afẹ́fẹ́ ń tú jáde, gbogbo yàrá ń rùn bíi gàrí tó kan jù. Ikùn ń fà sílẹ̀ lójú wa báyìí. Nígbà tó yá, ewúrẹ́ gbọn etí, ó dìde, ó sì fẹ́ fi akoto dókítà panu. Ẹkún ni, ẹ̀rín ni, mi ò mọ èyí tí mò ń ṣe mọ́. Mo ń jó yí ewúrẹ́ ká.

"Alihamudulilahi!" ni ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ké. "Ewúrẹ́ wa yè!"

Mo ti ń yíjú sí i kí n sọ tẹnu mi, ìyá ọkọ mi gbà á lẹ́nu mi. "Ewúrẹ́ ta ni? Nígbà tí ìjọba béèrè, ṣebí ìwọ lo ní a ò fẹ́ràn ẹran?" Dókítà rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú.

Nígbà tí oṣù rẹ̀ pé, ìbejì ni ewúrẹ́ náà bí, akọ kan, abo kan. Bí ilẹ̀ ṣe mọ́ lọ́jọ́ kejì, ẹnìkan kan ilẹ̀kùn mi. Ìyá ọkọ mi ni, kò sì wọlé. Ìta ló dúró sí, ó rọra sọ̀rọ̀.

"Ìyàwó, mo wá bẹ̀ ọ́ ni. Tí abo yẹn bá ti já lẹ́nu ọmú, ṣé o lè gbé e fún mi kí n máa bá ọ sìn ín?"