Àmì Kan Ṣoṣo Lórí Pósítà Mi

Ẹnu mi ló sọ mí di olóṣèlú. Mi ò lálàá ẹ̀, wòlíì kankan ò sì rí i sí mi. Iṣẹ́ káfíńtà ni mò ń ṣe jẹ́jẹ́ mi, ní àdúgbò kan lẹ́yìn àwọn fákítìrì, láàárín Sango àti òpópónà Ìdíròkò. Mò ń kan ilẹ̀kùn, mò ń kan àga, mò ń kan bẹ́ẹ̀dì, mo sì ń kan pósí. Mo fi pósí kẹ́yìn nítorí pé bí mo bá fi ṣáájú, ẹlòmíì á ti pa ìwé yìí dé.

Gọ́tà ńlá kan ló la àdúgbò wa sí méjì. Ilé wa wà ní apá kan, mọ́ṣáláṣí, ilé-ìwé àti ojú ọ̀nà ọkọ̀ wà ní apá kejì. Ẹ wo Sango níwájú wa níbẹ̀, wọ́n gbé afárá ńlá sókè fún mọ́tò, àmọ́ àwa ò ní èyí tí ewúrẹ́ lè gbà kọjá. Èmi ni mo máa ń bá wa wá pákó tẹ́ síbẹ̀. Àgbàrá gbé àkọ́kọ́ lọ. Ó gbé èkejì náà. Ẹ̀kẹta, olè ni, mo sì mọ ilé tí wọ́n ti ń fi í ṣe pẹpẹ ọjà dòní. Ẹ̀kẹrin ló wà níbẹ̀ pẹ́ jù, bó sì ṣe wà níbẹ̀ pẹ́ náà ló gbó, òun ló sì já mọ́ Alhája lẹ́sẹ̀.

Alhája yìí ni olórí àwọn obìnrin àsàlátù ní mọ́ṣáláṣí àdúgbò wa. Bàtà ọmọdé ló ń tà ní Sango, kò sì sí ọmọ tó wọ bàtà ní àdúgbò wa tí kò ti ọwọ́ ẹ̀ kọjá. Ó ń bọ̀ láti ibi ìrun lọ́jọ́ náà ni pákó mi ṣẹ́ sí méjì. Ọrùn ọwọ́ ọ̀tún ẹ̀ kán. Mo ra ọsàn, mo lọ kí i. Kò ṣílẹ̀kùn, inú nẹ́ẹ̀tì ló ti dá mi lóhùn.

“Káfíńtà, máa gbé ọsàn ẹ lọ. Pákó ẹ ti fún mi ní tèmi.”

Láti ọjọ́ náà, bí mo bá kí i, á wo orí òrùlé títí màá fi kọjá. Ó dùn mí gan-an. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo ti ń fi iṣẹ́ ọwọ́ mi yangàn, àmọ́ ní gbogbo ìgbà tí mo bá ti rí ọwọ́ yẹn tí wọ́n dì mọ́ ọrùn, ńṣe ló máa ń dà bí ìgbà tí wọ́n gbé àga tí mo kàn dà sílẹ̀ níwájú ọjà.

Ìbínú yẹn ni mo gbé lọ bá kánsẹ́lọ̀ tó wà lórí àlééfà nígbà náà. Mo ní kí wọ́n bá wa ṣe afárá. Ó jókòó pẹ̀lú àwọn ènìyàn ẹ̀, ó ń fi pákó ìtayín họ eyín, ó ní, “Bàbá, tó bá rọrùn bẹ́ẹ̀, ẹ ò ṣe wá ṣe é.” Mo ní, “Màá ṣe é! Ìjókòó yẹn gan-an ni màá wá jókòó sí!” Ẹyin lohùn. Kí n tó rìn dé gáréèjì, àwọn awakọ̀ Àtàn ti ń kí mi ní “Kánsẹ́lọ̀ wa!” Kí n tó délé, ìyàwó mi ti gbọ́.

“Bàbá Ìbejì, ṣé òótọ́ ni?”

“Wọ́n múnú bí mi ni.”

“Àpótí tẹ́ ẹ̀ ń kàn ò tó yín ni, ẹ tún fẹ́ gbé àpótí ìbò?”

Olùkọ́ Yorùbá ni ìyàwó mi, ilé-ìwé aládàáni kan ló ti ń kọ́ àwọn ọmọ. Ó bú mi títí ọbẹ̀ fi jiná, ó bu oúnjẹ fún mi, ó sì mú ìwé àti gègé pé ká kọ ohun tó máa wà lórí pósítà. Mo ní kó kọ “Mo wá sin ará àdúgbò mi.” Ó fi gègé lé e lórí, ó ní kò ṣeé ṣe. Ó ní sìn tí à ń sọ fún iṣẹ́ sísìn, ohùn ìsàlẹ̀ ló ní, àmọ́ tí ọ̀rọ̀ orúkọ bíi ará bá ti tẹ̀ lé e, ohùn náà á gòkè díẹ̀, á wá di sin, irú èyí tí wọ́n ń sin òkú.

“Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń kan pósí,” ló wí. “Ẹ rò ó.”

Ó wá kọ tiẹ̀: Mo wá láti sìn yín. Ó ní yín kì í yí ohùn padà, pé ibẹ̀ ló fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ó fi gègé pupa yí àmì ìsàlẹ̀ tó wà lórí sìn ká lẹ́ẹ̀mejì. “Ẹ má jẹ́ kí àmì yìí jábọ́ lójú ọ̀nà o.”

Kò jábọ́ lójú ọ̀nà. Ọ̀dọ̀ atẹ̀wé ní Sango ló ti jábọ́. Ọ̀gbẹ́ni yẹn tẹ̀ ẹ́ sórí kọ̀ǹpútà, níbi tó yẹ kí ì wà, àpótí kékeré kan ló jókòó sáàárín s àti n. Ó tún un tẹ̀, àpótí náà tún jáde.

“Daddy, sign yẹn ò sí nínú font mi. Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn.”

Ọ̀wọ́ àwọn tó fẹ́ tẹ káàdì ìgbéyàwó wà lẹ́yìn mi, wọ́n ń pòṣé. Mo ní, “Yọ ọ́. Yọ gbogbo ẹ̀. Àmì ohùn kì í dìbò.” Bí mo ṣe sọ ọ́ nìyẹn, mo tiẹ̀ rẹ́rìn-ín sí ọgbọ́n ara mi.

Ohun tó jáde rèé: MO WA LATI SIN YIN. Àwòrán mi ló wà lábẹ́ ẹ̀, mo wọ agbádá. Inú ṣọ́ọ̀bù la ti yà á, mo sì rò pé a ti gé ohun gbogbo tó wà lẹ́yìn mi kúrò, àṣé irin ìdìmú pósí kan ṣì yọjú létí mi ọ̀tún, ó ń dán.

A lẹ̀ ẹ́ mọ́ gbogbo ògiri, láti ẹnu ọ̀nà àwọn fákítìrì títí dé ojú gọ́tà. Lọ́jọ́ kejì, àwọn òṣìṣẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí iṣẹ́ òru ń bọ̀. Ọ̀kan nínú wọn, ọmọ ìlú òkèèrè tó máa ń ra àga lọ́wọ́ mi, dúró, ó kà á, ó wò mí.

“Oga Carpenter, abeg, na who you wan bury?”

Ẹ̀rín tí wọ́n rín lọ́jọ́ yẹn, mo lérò pé wọ́n gbọ́ ọ ní Alápòtí. Láti ìgbà náà, orúkọ mi yí padà. Bí mo bá ń kọjá, wọ́n á ní, “Sinwá, ẹ káàárọ̀ o! Ara wa le o!” Obìnrin kan tiẹ̀ fi ọwọ́ bo ọmọ ẹ̀ lójú nígbà tí mo ní kí n gbé e jó.

Ìyàwó mi kò pariwo. Ó dúró níwájú ògiri, ó ka pósítà náà sókè bó ṣe ń kà á fún àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀. “Sin. Re. Mo wá láti sin yín.” Ó wo ojú mi. “Ohun tó wà níbẹ̀ ni mo kà o.”

Mo gbé ọ̀dà pupa àti búrọ́ọ̀ṣì kékeré, mo gbé àkàsọ̀ léjìká, mo bẹ̀rẹ̀ sí í lọ láti ògiri dé ògiri, mò ń fa ìlà kan ṣoṣo sórí sin. Ẹ wo àgbàlagbà tó fẹ́ ṣèlú, ó ń ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá. Mo ti ṣe tó ìdajì kí ìyàwó mi tó wá yẹ iṣẹ́ mi wò.

“Bàbá Ìbejì, òkè ni ìlà yìí kọjú sí. Sín rèé. Ṣé gbẹ́rẹ́ lẹ fẹ́ sín fún wọn ni?”

Mo padà sórí àkàsọ̀.

Ìdìbò abẹ́lé ẹgbẹ́ òṣèlú wa ló kù, ẹni tó bá wọlé níbẹ̀ ló máa du ipò kánsẹ́lọ̀ fún wọ́ọ̀dù. Àwa mẹ́ta ni. Kò sí ìwé, kò sí ìtẹ̀ka: wọ́n á gbé pósítà ẹnì kọ̀ọ̀kan kọ́ sára ògiri ilé-ìwé, kí àwọn tó ń ṣe tiẹ̀ tò sẹ́yìn ẹ̀, kí wọ́n sì kà wọ́n lórí.

Alága ẹgbẹ́ fọn fèrè. Àwọn ènìyàn sáré lọ tò sẹ́yìn ẹni kìíní. Wọ́n sáré lọ tò sẹ́yìn ẹnì kejì. Níwájú tèmi, koríko nìkan ló wà. Àwọn ènìyàn mi wà níbẹ̀ o, mò ń rí wọn. Wọ́n kó ara wọn jọ sábẹ́ igi máńgòrò, wọ́n ń ti ara wọn lápá. Mo lọ bá ìyá kan tí mo bá tún ilẹ̀kùn ṣe lọ́fẹ̀ẹ́.

“Káfíńtà, mo wà lẹ́yìn yín,” ló sọ fún mi. “Kí ẹnì kan sáà kọ́kọ́ dúró ná. Ẹni tó bá ṣáájú ni wọ́n á kọ́kọ́ sin.”

Ó ń rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹsẹ̀ ẹ̀ kò kúrò níbẹ̀. Ìyàwó mi ò ní káàdì ẹgbẹ́, ẹ̀yìn fẹ́ǹsì ló ti ń wò mí. Ojú tì mí. Mo ti rò pé màá pàdánù, mi ò mọ̀ pé mo lè rí òdo. Mo rántí gọ́tà wa, mo sì mọ̀ pé afárá yẹn ti lọ.

Ìgbà náà ni Alhája dé, pẹ̀lú agbòòrùn lọ́wọ́ òsì. Ó rìn wá síwájú pósítà mi, ó kà á.

“Káfíńtà.” Ìgbà àkọ́kọ́ tó máa pè mí láti ọjọ́ tó ti lé èmi àti ọsàn mi padà nìyẹn. “Kí ni wọ́n kọ síbí?”

“Sìn ni, Alhája. Kì í ṣe sin. Ẹ wo àmì ẹ̀.”

“Mo rí i. Tó bá tiẹ̀ wá jẹ́ sin ńkọ́?” Ó kọjú sí àwọn tó wà lábẹ́ máńgòrò. “Mùsùlùmí ni mí. Àwa kì í lo pósí, aṣọ funfun ni wọ́n fi ń sin wá. Káfíńtà yìí ò rí mi sin láéláé! Ẹni tí pákó ẹ̀ já ló sì mọ ibi tó yẹ kí afárá wà.”

Ó lọ dúró sídìí pósítà mi. Ó ju ojú sẹ́yìn, ó ní, “Àsàlátù, ẹ ò gbọ́ ni?” Gbogbo wọn tú jáde tẹ̀ríntẹ̀rín, wọ́n tò sẹ́yìn ẹ̀, àwọn ọkọ wọn tò sẹ́yìn wọn. Ìgbà tí àwọn tí pósí mi kò lè mú ti kún iwájú, àwọn Kìrìsìtẹ́nì náà wá ń yọ́ bọ̀ láti ẹ̀yìn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọkùnrin ni mí, àmọ́ mo fi etí agbádá nu ojú.

Wọ́n kà wá. Ènìyàn mẹ́rin péré ni ẹni tó wọlé fi jù mí lọ. Bí a ṣe ń lọ sílé, ìyàwó mi ní, “Àmì kan, ènìyàn mẹ́rin.” Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ títí di òní.

Mo ti ṣọ́ọ̀bù pa fún ọjọ́ mélòó kan. Alhája wá fi agbòòrùn kan ilẹ̀kùn.

“O ní o wá láti sìn wá. Ṣé ìjókòó yẹn ni o máa fi sìn wá ni, àbí ọwọ́ ẹ?”

Mo wo igun ṣọ́ọ̀bù. Pákó igi apá méje wà níbẹ̀, ó nípọn, ó gbẹ dáadáa. Pósí bàbá olówó kan ni mo kó o pamọ́ fún, àmọ́ ara bàbá náà yá, Ọlọ́run ṣeun. Mo gbé ayùn. Àwọn tó tò sẹ́yìn mi lọ́jọ́sí ló bá mi gbé bíríkì àti sìmẹ́ńtì sí etí gọ́tà. Ní ọjọ́ kẹrin, afárá dúró, ó ní ọwọ́ ìdìmú ní ọ̀tún àti òsì. Ìyàwó mi kọ Mo wá láti sìn yín sára ẹ̀. Fúnra ẹ̀ ló fi ọ̀dà pupa fa àmì náà.

Alhája la ní kó kọ́kọ́ kọjá. Ó fi ẹnu agbòòrùn gbá pákó náà kó, kó. Ó tún gbá a.

“Pákó kí nìyí?”

Irọ́ kan ti wà lẹ́nu mi. Mo gbé e mì.

“Pákó pósí ni, Alhája.”

Ó wò mí, ó wo afárá, ó wá bú sẹ́rìn-ín débi tí agbòòrùn fi bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀. “Ọmọkùnrin yìí ṣáà ti pinnu láti sin mí!”

“Ẹ wo àmì ẹ̀, Alhája,” ni mo wí.

Ó na ọwọ́ sí mi. Ọwọ́ ọ̀tún ni, èyí tó kán. Mo dì í mú, mo sì sìn ín kọjá.